Ẹsẹ̀ ló ń gún ọwọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ oníná kan ránṣẹ́ sí mi láti orílẹ̀-èdè tó ń gbé. Kò tíì pé oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ká etí ṣòkòtò jíìnsì kan, abẹ́rẹ́ bá dá pàá, èérún rẹ̀ fò lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Díẹ̀ ló kù kó wọ ojú. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń já tí mo bá jókòó sídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, pẹ́dà tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sì máa ń gbóná. Mo tún ní ọmọ ọdún 3 tí kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ tábìlì. Kí ni kí n ṣe tí mi ò fi ní fi ẹ̀rọ yìí ṣe ara mi léṣe? Àbí kí n kúkú lọ wá ẹ̀rọ àfọwọ́yí?"

Ẹ kú ewu o. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló bá.

Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ má tíì padà sídìí ẹ̀rọ náà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé. Ẹ ó rí bébà tàbí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Èyí tó ní lẹ́tà V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti òkèèrè wá, tó ń sáré àsáréjù, tí pẹ́dà rẹ̀ tún ń gbóná: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ló mú mi fura pé iná tí ẹ ń fún un ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ.

Iná ògiri kò dọ́gba káàkiri ayé. Fóólítì (V) 120 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 100 ní Japan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù ń lo 220 sí 240. Tí wọ́n bá kọ 110 tàbí 120 sára ẹ̀rọ, tí ẹ wá tì í bọ iná 230, mọ́tò kékeré tó ń yí i nínú á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Pẹ́dà á gbóná, òórùn jíjó á yọ, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì á fi jóná. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni nǹkan kékeré tí a fi ń yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ló yí padà, iná tó ń gbà á kọjá kò yí. Tíráńsífọ́mà tó ń dín iná kù ni ẹ nílò, kí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ 85 W (wáàtì, ìwọ̀n agbára) sára ẹ̀rọ, èyí tó gbé 200 W kò ní làágùn. Tó bá jẹ́ pé 100-240 V ni ẹ rí níbẹ̀, tàbí 220-240 tó sì bá iná ilé yín mu, a jẹ́ pé ìfura mi kò bọ́ sí i. Á jẹ́ pé pẹ́dà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn nìyẹn. Kí pẹ́dà àtijọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ gígùn kò burú. Kó gbóná débi tí ẹ ò lè gbọ́wọ́ lé e ni kò dáa. Ẹ gbé e lọ fún alátùn-únṣe, ẹ má fi pẹ́dà ẹ̀rọ mìíràn dípò rẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọlé, ẹ má sì tú u wò fúnra yín nígbà tó bá ṣì wà lára iná.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ ti iná kì í ṣe nítorí kí ẹ̀rọ má jóná nìkan. Ẹ̀rọ tó ń jẹ iná àjẹjù kò ní ìrìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rọra tẹ pẹ́dà báyìí, ó ti fò lọ. Ẹni tí kò bá sì lè bá ẹ̀rọ rìn jẹ́jẹ́, kò sí ìmọ̀ràn tí mo lè fún un tó máa dáàbò bo ọwọ́ rẹ̀, torí pé ohun tó ń gún ọwọ́ kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ó dà bí àwàdà létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ yìí fún ọdún bíi 11 kí abẹ́rẹ́ tó gún èmi alára. Òwú ló já. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ìka ìfábẹ̀lá mi wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, mò ń fi èékánná gba ẹnu òwú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí pẹ́dà, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ẹnìkan wá pè mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo yí ọrùn láti dá a lóhùn. Bí èèyàn bá yí ọrùn lórí àga, ìwúwo ara rẹ̀ á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tèmi sì yẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìró "tak" ẹyọ kan ni mo gbọ́. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ti wọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ó ti jáde lódìkejì, ó sì dúró sínú ìka mi bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó sáré, kò sí ẹni tó ń ránṣọ pàápàá. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ju pé ọwọ́ mi wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dà.

Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ mi: ọwọ́ wọlé, ẹsẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, tí àwa ń pè ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, iwájú rẹ̀ ni ẹnubodè. Nígbàkígbà tí ìka yín bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, ì báà ṣe láti já òwú, láti yọ pínnì, tàbí láti tẹ́ aṣọ tó ká, ẹsẹ̀ yín ti gbọ́dọ̀ kúrò lórí pẹ́dà. N kò ní kó fúyẹ́ lórí rẹ̀ o. Kó kúrò, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́ pààrọ̀, tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tàbí ẹ fẹ́ ṣí ilé bọ́bìn, ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ń gbé, súwíìṣì ni kí ẹ pa. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá á ní kí ẹ pa súwíìṣì nígbà tí ẹ bá ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àgbà aránṣọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò pọ̀. Ẹ̀yin tí kò tíì pé oṣù kan, ẹ máa ṣe é. Èmi náà ń ṣe é báyìí, ìka mi ti kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ̀rọ ìlò ilé lè rán ojú òwú 600 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bá tẹ pẹ́dà rẹ̀ dópin. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, ó kéré tán nígbà 10. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ pé kó gbéra, ó ti gún ibi bíi mélòó kan. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé yíyá ọwọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Ẹ yọ òwú kúrò pátápátá, tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àlòkù kan sí i. Ẹ ya ojú ìwé kan nínú ìwé tó ní ìlà, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ sọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, tàbí kí ẹ wọ èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ẹsẹ̀ lè mọ ohun tó ń tẹ̀. Kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀, kó má kúrò nílẹ̀ rárá, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "tọ, tọ, tọ", tí ẹ fi lè kà á. Tí ẹ bá tẹ̀lé ìlà kan dópin láìsáré, ẹ dúró gẹ́lẹ́ lórí àmì kan tí ẹ ti fi bírò fà tẹ́lẹ̀. Dídúró ni ẹ̀kọ́ náà o, ìrìn kò ṣòro. Ẹni tó bá lè dúró sórí àmì nígbà mẹ́wàá láì kọjá rẹ̀, ó ti kúrò lẹ́ni tí ẹ̀rọ ń gbé sá lọ. Tí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnnì tí a fi ń dín eré rẹ̀ kù, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kí ẹ má sì tijú. Tí pẹ́dà bá ń yọ̀ lọ lórí ilẹ̀, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pẹ́dà tó ń sá ń mú kí ẹsẹ̀ máa wá a kiri, wíwá kiri yẹn ló sì ń di títẹ̀ lójijì.

Ní ti ọwọ́, ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n jìnnà sí abẹ́rẹ́ tó ìwọ̀n ìka méjì ó kéré tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni láti tọ́ aṣọ sọ́nà. Eyín ẹ̀rọ, àwọn irin ṣágiṣàgi tó wà lábẹ́ aṣọ, ló ń wọ́ ọ lọ. Níbi tó bá há jù fún ìka, bí etí kọ́là tàbí igun àpò, ẹ fi ẹnu igi ṣónṣó ti aṣọ sábẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá gún igi, kò sí ẹni tó máa sunkún. Ẹ ká apá aṣọ tó gùn sókè, ẹ di irun tó ń fì sẹ́yìn, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti téèpù ìwọnṣọ tí ẹ fi kọ́rùn. Mo ti rí ibi tí ẹ̀rọ ti rán téèpù mọ́ aṣọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọrùn ni ẹnu kejì téèpù yẹn so mọ́.

Ó kan abẹ́rẹ́ tó dá. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ti ká etí ṣòkòtò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ń rán an lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹ fi dé ibi tí wọ́n ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ gòkè, imú rẹ̀ dojú kọ òkè, aṣọ kò lọ mọ́. Ẹ wá fi ọwọ́ òsì fà á díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ sì fi kún pẹ́dà. Pàá!

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ibi ìsopọ̀ yẹn lára jíìnsì, wọ́n ti ká a mọ́ra kí ẹ tó tún ká a, aṣọ tó wà níbẹ̀ lè ju ìpele 8 lọ. Abẹ́rẹ́ tó tinrín kò lè gún un ní tààrà, á tẹ̀. Tí ẹ bá tún fa aṣọ, ẹ ń fa abẹ́rẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, kò ní bọ́ sínú ihò rẹ̀ mọ́, orí irin tó yí ihò náà ká ló máa bà lé. Irin lu irin, èyí tó tinrín á ṣẹ́, èérún á sì fò. Fífa aṣọ ló ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, níbi tí mo ti rí i.

Ẹ wo páálí abẹ́rẹ́ yín, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 80/12 tàbí 100/16. Èyí àkọ́kọ́ ni bó ṣe nípọn tó: 80 túmọ̀ sí mìlímítà 0.8, 100 jẹ́ mìlímítà 1. Nọ́ńbà kejì ń sọ ohun kan náà ní ìlànà mìíràn. Fún ṣífọ́ọ̀nù àti sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 60 tàbí 70 ti tó. Fún aṣọ òwú lásán, 80 tàbí 90. Fún jíìnsì, 100 tàbí 110, kó sì jẹ́ irú tí wọ́n kọ jíìnsì sí lára. Aṣọ tó ń nà bí ẹni fa rọ́bà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ rí roboto díẹ̀ kó má baà já òwú aṣọ. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó bá ẹ̀rọ wá ni ẹ fi rán jíìnsì náà, 80 tàbí 90 ló sì sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ló ń lo irú tí wọ́n kọ 130/705 H sí lára páálí. Ẹ wo ìwé ẹ̀rọ yín kó lè dá yín lójú.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun ìní ayérayé o. Lẹ́yìn bíi wákàtí 8 tó ti ń ránṣọ, ẹnu rẹ̀ ti kú. Ẹ ó mọ̀: ìró rẹ̀ á yí padà, á máa dún "pọ̀, pọ̀" bí ẹni ń lu aṣọ dípò kó máa gún un. Ẹ yọ ọ́ sọ nù. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ gbé e lé orí dígí tàbí ojú fóònù, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹnu rẹ̀ bá tẹ̀ sókè tàbí tó wọ́, kò dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ pa súwíìṣì. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá sókè, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó dì í mú. Orí abẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tó pẹlẹbẹ àti ẹ̀gbẹ́ tó rí roboto. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, pẹlẹbẹ yẹn ló ń dojú kọ ẹ̀yìn. Ẹ tì í sókè títí kò fi ní lọ mọ́, ẹ wá dì í le. Abẹ́rẹ́ tí kò dókè tán dà bí eyín tó ń mì, ìgbàkígbà ló lè jábọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹsẹ̀ tó kan pẹ́dà, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wá sọ́dọ̀ ara yín, lẹ́ẹ̀kan yípo. Tó bá máa kan nǹkan, ẹ ó gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ kó tó di ariwo. Ìyípo kan yẹn náà ni kí ẹ ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tàbí irú ojú òwú. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ oníhò kékeré sílẹ̀, tó wá yí bọ́tìnnì sí síìgísáàgì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìgúnwọlé kejì, á sì ṣẹ́ lórí irin.

Ìlànà jíìnsì rèé, nítorí mo mọ̀ pé ṣòkòtò yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fi òòlù lu ibi ìsopọ̀ tó nípọn náà lórí pákó kó rọ̀ kó sì pẹlẹbẹ. Ẹ ká páálí kan ní ìlọ́po-ìlọ́po títí á fi nípọn tó ibi tó ga náà. Tí imú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ dúró, kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ẹsẹ̀ yín jáde, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, ẹ ti páálí náà sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dúró gbọọrọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ẹ gbàgbé pẹ́dà, wíìlì ni kí ẹ máa fọwọ́ yí. Kò ju ojú òwú 8 tàbí 10 lọ. Tí wíìlì bá kọ̀ tí kò yí, ẹ má fi agbára mú un. Aṣọ náà ti ju ẹ̀rọ yín lọ nìyẹn, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ibẹ̀.

Ẹ wọ awò ojú nígbà tí ẹ bá ń rán ohun tó nípọn, kódà tí ojú yín bá ríran kedere. Àmọ́ ohun tó ń gbé ojú lọ sítòsí abẹ́rẹ́ ni òkùnkùn. Ẹni tí kò ríran dáadáa á máa tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ tan iná mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ gbé àga yín ga tó pé ìgbọ̀nwọ́ á dọ́gba pẹ̀lú tábìlì, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ò ní dùn yín, ojú yín á sì jìnnà. Gílóòbù kékeré inú ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń gbóná gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án tó bá ti tàn fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, ẹ má kàn fi òmíràn sí i kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ to èérún rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ tuntun, kí ẹ rí i pé ó pé. Tí kò bá pé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ilé bọ́bìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi òòfà wá ilẹ̀ àti inú aṣọ. Ṣé ẹ rí ti ọjọ́ yẹn pé? Tí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ wá a lónìí, torí ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ tábìlì. Inú ìgò tó ní ìdérí ni kí abẹ́rẹ́ tó ti kú máa lọ, kì í ṣe inú àpò ìdọ̀tí lásán tó lè gún ẹni tó bá gbé e.

Ẹ yọ pínnì kí ó tó dé iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ má rán kọjá lórí rẹ̀, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín. Inú tìmùtìmù ni pínnì ń gbé, kì í ṣe ẹnu. Gbogbo wa la ti fi pínnì sẹ́nu rí, gbogbo wa náà la sì mọ̀ pé ìkọ́ tàbí ẹ̀rín kan ṣoṣo ló kù kí a gbé e mì.

Ọmọ náà ńkọ́? Abẹ́ tábìlì ni pẹ́dà wà, ohun tó sì wu ọmọ ọdún 3 jù láyé ni ohun tí a bá tẹ̀ tó máa dún. Ọwọ́ yín lókè, ọmọ nísàlẹ̀: ẹ ti rí i pé ẹsẹ̀ yín nìkan kọ́ ló lè gún ọwọ́ yín. Tí ó bá ti wọ abẹ́ tábìlì, ẹ pa súwíìṣì, kí ẹ tó bá a wí. Tí ẹ bá dìde, bó ṣe fún ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ yọ pẹ́dà kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Ẹ má jẹ́ kí wáyà máa fì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, nítorí ẹ̀rọ tó wọn kìlógírààmù 6 sí 10 ni yóò tẹ̀lé e tó bá fà á. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí a máa ń gbé sítòsí, ẹ̀yin náà mọ èyí.

Tí abẹ́rẹ́ bá wá gún ìka láìka gbogbo èyí sí, ẹsẹ̀ jáde lákọ̀ọ́kọ́. Ara á fẹ́ fa ọwọ́ jáde kíá, ẹ má gbà fún un. Abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́ sínú ẹran ara. Ẹ fi ọwọ́ kejì pa súwíìṣì, ẹ wá fi í yí wíìlì jẹ́jẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi gòkè. Tó bá há sínú eegun tí kò fẹ́ jáde, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di abẹ́rẹ́ mú, kí ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú, ẹ gé òwú, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Tó bá jáde, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó pé. Tí kò pé, ẹ má fi nǹkan wa ojú egbò. Dókítà á ya X-ray, á rí i. Ohun mìíràn tí a máa ń gbàgbé ni òwú. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń ránṣọ lọ́wọ́, ìdí ni ojú rẹ̀ wà. Ti ẹ̀rọ, ẹnu ni ojú rẹ̀ wà, bó ṣe wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elias Howe gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1846, torí náà bó bá ti wọ ìka, ó ti gbé òwú dání wọlé. Ẹ rí i dájú pé òwú náà jáde tán. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò dáadáa. Ó lè má ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìyẹn kò ní kí ẹ fojú kéré rẹ̀: ihò tó jìn tó sì há ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì fẹ́ràn. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó bá ti pẹ́ tí ẹ gbà á. Tó bá wú, tó ń ta yín, tó sì ń gbóná lọ́jọ́ kejì, ẹ tètè lọ.

Ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí ẹ béèrè? Lóòótọ́, ó máa ń dúró nígbà tí ọwọ́ bá dúró, kò sì ní iná tó lè jó. Àmọ́ ọwọ́ kan ni ẹ ó máa fi yí i, ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa kù láti tọ́ aṣọ, tó sì máa ń sún mọ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò rọ̀ ju ti oníná lọ. Ti àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ yí láìsí iná, tí wíìlì irin ńlá wà nísàlẹ̀, ni kí ẹ má tilẹ̀ gbé wọ ilé tí ọmọ ọdún 3 wà. Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀, wíìlì yẹn ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ sì lè ká ìka ọmọ mọ́. Ní tèmi, ẹ dúró sórí èyí tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́.

Nípa ìtọ́jú, díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìhùùhù òwú kúrò ní ilé bọ́bìn lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ní yíyọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ inú irin, ìhùùhù á sì sá lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí mọ́tò ti ń gbóná. Epo máṣíìnì nìkan ni kí ẹ kán sí i, ẹ̀kán kan, níbi tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ kán an sí. Epo tí a fi ń se ọbẹ̀ máa ń dì bí gọ́ọ̀mù. Tí òwú bá lọ́ mọ́ra nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ há, tó ń kùn "hùnnn" láì yí, ẹsẹ̀ jáde kíákíá. Mọ́tò tó ń kùn tí kò yí ń jó ara rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ gé òwú náà, ẹ má fi agbára já a.

Ẹ kọ nọ́ńbà V àti nọ́ńbà W tí ẹ rí lára ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú èyí tó wà ní ìdí pẹ́dà. Tí mo bá rí i, n óò sọ irú tíráńsífọ́mà tó bá a mu, tàbí bóyá pẹ́dà nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Títí dìgbà náà, bébà àti abẹ́rẹ́ àlòkù kò ní ṣeé lò, nítorí iná kan náà ni. Ẹ máa fi ọwọ́ yí wíìlì láìsí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ kàn máa wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde.